Bíárìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe irin

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe gíà planetary (gíà àárín kan, àwọn gíà kékeré tó ń yí i ká, àti gíà òde tó yí gbogbo wọn po) fún ẹ̀rọ tó ń po kọ́ńkéré yín ní Ìdú, l'Ábùjá níbí, ẹ sì béèrè bóyá irin tó le gan-an àti gíà kékeré márùn-ún dípò mẹ́ta ló máa jẹ́ kó pẹ́. Mo ti tú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ní Apo, pàápàá tàwọn tó ń fọ́ òkúta ní Mpape. Eyín kọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bíárìn inú gíà kékeré ni, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí gíà náà máa yí geere lórí pínnì rẹ̀ (ọ̀pá irin tó gbé e dúró).

Ẹ wò ó: gíà àárín ń ti gíà kékeré, gíà òde náà ń tì í, apá ibì kan náà ni wọ́n sì ń tì í sí. Ìlọ́po méjì ẹrù tó wà lójú eyín ló ń já lé bíárìn rẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ ihò tóóró ni bíárìn náà wà. Bí ẹrù orí bíárìn rólà bá sì di ìlọ́po méjì, ọjọ́ tó máa lò á já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ibẹ̀ ni kí ìṣirò yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ti gíà márùn-ún, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Tó bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹ ò sì fi bíárìn de gíà àárín mọ́lẹ̀, fúnra rẹ̀ ló máa sún síbi tí ẹrù á ti dọ́gba. Tó bá jẹ́ márùn-ún, kí ihò pínnì kan ṣáà yẹ̀ díẹ̀, àwọn kan á máa ru ẹrù, àwọn yòókù á kàn máa bá wọn yí. Ká ní gíà àárín ní eyín 21, kékeré 30, òde 81. Àpapọ̀ àárín àtòde jẹ́ 102: ó ṣeé fi 3 pín, kò ṣeé fi 5 pín, nítorí náà márùn-ún ò ní wọlé ní ọgbọọgba. Àyè gan-an ò tiẹ̀ gbà wọ́n, wọ́n á forí gbárí.

Irin tó le dénú máa ń tètè kán ni. Èyí tí awọ rẹ̀ le tó 58 sí 62 HRC (òṣùwọ̀n líle irin), tí inú rẹ̀ ṣì yi, ni kí ẹ wá. Ojú méjèèjì ni eyín gíà kékeré fi ń ru ẹrù, ẹ má ka agbára ìdí eyín rẹ̀ ju nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 ti eyín tó ń fi ojú kan ṣoṣo ru ẹrù lọ.

Ẹ gbẹ́ ihò ọ́ìlì sára pínnì, ní ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù ò tẹ̀. Ihò tí àpótí gíà (gearbox) fi ń mí náà, ẹ fi fílítà sí i, torí eruku ọyẹ́ àdúgbò wa yìí ń ba bíárìn jẹ́ gan-an. Ẹ fi agbára ẹ́ńjìnnì yín àti iye eyín tí ẹ ní lọ́kàn ránṣẹ́, ká jọ ṣírò bíárìn náà.