Ọwọ́ tó ń fa ìkóóde ni ẹyẹ rẹ ń bù jẹ

Ojú-ewé mẹ́ta ni o kọ ránṣẹ́ láti Ṣágámù, àbúrò mi. O fi méjì àtààbọ̀ ro ẹjọ́ ìka rẹ: bí odídẹrẹ́ ṣe bù ọ́ jẹ lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe kán sára agbádá tí o fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìnáwó, bí ìyàwó rẹ ṣe ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. O ní ó ti lé lọ́dún kan tí ẹyẹ náà ti wà lọ́dọ̀ rẹ, o ń bọ́ ọ, o ń bá a sọ̀rọ̀, síbẹ̀ aláìmoore ni. O wá bi mí bóyá kí o fi fáìlì rẹ́ àgógó rẹ̀ kúrú, àbí kí o kúkú tà á fún ọkùnrin kan tó ń bọ̀ láti Kútọnu, kí n sì bá ọ dá iye lé e.

Láàárín gbogbo ẹjọ́ yìí, o fi gbólóhùn kan há a: "Bàbá kan ládùúgbò wa máa ń wá gba ìkóóde bí wọ́n bá fẹ́ ṣorò. Lọ́dún yìí mo ti fa márùn-ún fún wọn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ló jáde níbi èyí tí mo fà kẹ́yìn." O sì padà sórí ìka rẹ.

Ìyẹ́ ńlá pupa tó wà ní ìrù odídẹrẹ́, èyí tí à ń pè ní ìkóóde, kò ju 12 lọ. O ti fa márùn-ún. Ìwọ tí o fà á, ìwọ náà lo ń na ẹ̀pà sí i láàárọ̀, tí o sì ń ṣe kàyéfì pé kò gbà á. Bí ẹnìkan bá ń fa èékánná rẹ tu, tó wá gbé ìkọ́kọrẹ́ gbígbóná wá lọ́jọ́ kejì, ṣé wàá lanu kó máa bọ́ ọ? Ẹyẹ yẹn kì í ṣe aláìmoore. Kò gbàgbé ni.

Ẹ̀jẹ̀ tí o pè ní díẹ̀ yẹn, ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lo fà. Ẹ̀jẹ̀ máa ń wà nínú ọ̀pá ìyẹ́ tuntun títí yóò fi gbó. Bí o bá ń fa ojú kan náà ní àfàtúnfà, ibẹ̀ lè bàjẹ́ débi pé ìyẹ́ kankan ò ní hù níbẹ̀ mọ́. Nígbà náà, Bàbá ò ní rí ìkóóde, ẹyẹ ò sì ní nírù.

Mi ò bá orò jà o. Ọmọ Rẹ́mọ ni mí, mo mọ̀ pé a kì í ṣe ìyàwó òrìṣà kí ìkóóde má sí níwájú orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n odídẹrẹ́ máa ń pààrọ̀ ìyẹ́ fúnra rẹ̀: èyí tó ti gbó á já bọ́ sílẹ̀ kéèjì, tuntun á hù. Èyí tó já bọ́ ni kí o ṣà pa mọ́ fún Bàbá. Ẹni tó lè dúró de ọjọ́ orò lè dúró de ẹyẹ.

Báyìí náà ni lẹ́tà yín máa ń rí, ó sì ti ń sú mi. Ọkọ á kọ ojú-ewé mẹ́rin pé ìyàwó òun kì í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́, ìlà kan ṣoṣo ni á ti sọ pé òun "gbá a létí díẹ̀". Ẹ̀yin ọkùnrin àti díẹ̀!

Èwo tún ni ti ata rodo tí wọ́n ní kí o fi pa ìka? Ata kì í ta ẹyẹ. Ṣe lo fi ìpápánu lé ìka lórí. Ìwọ tí o wá fọwọ́ nu ojú lo sunkún.

Ẹni tó tà á fún ọ létí títì Ìjẹ̀bú-Òde ní ọmọ ẹyẹ ni, o sì gbà á gbọ́. Ìwọ náà lo kọ ọ́ pé ẹyinjú rẹ̀ ní àwọ̀ yẹ́lò. Ẹyinjú ọmọ odídẹrẹ́ máa ń ṣókùnkùn ni. Àgbà lo rà, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú igbó ni wọ́n ti mú un. A máa ń gbàdúrà pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ, oko ìwájẹ yẹn gan-an sì ni àwọn kan ti ń fi àtè mú un. Ọwọ́ èèyàn lè ti di ọ̀tá rẹ̀ kó tó dé ilé rẹ, ìwọ wá fi tìrẹ kún un.

Ọmọbìnrin rẹ ọlọ́dún mẹ́jọ ńkọ́? O ní ẹyẹ náà kì í bu ọmọ yẹn jẹ, bóyá orí wọn ló bára mu. Orí wo? Ọmọ yẹn ò fa nǹkan kan lára rẹ̀ rí. Ṣebí o ní ẹ̀gbẹ́ kéèjì ló máa ń jókòó sí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá? Lọ jókòó bẹ́ẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí o fi ń fa ìrù rẹ̀, sọ ọ́ nù, kó má tún fojú kàn án láé. Má fọwọ́ kan fáìlì: ẹ̀jẹ̀ wà nínú àgógó, iṣẹ́ dókítà ẹranko ni. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ní ilé ìwòsàn ẹranko, gbé e lọ síbẹ̀ kí wọ́n tilẹ̀ wo ìdí ìrù yẹn. Gbé kéèjì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ògiri. Ju ẹ̀pà tí kò níyọ̀ tàbí horo ẹyìn kan sínú àwo rẹ̀, kí o máa bá tìrẹ lọ. Ẹyìn ni oúnjẹ rẹ̀ nínú igbó. (Píà tí o ní o ń fún un, dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí, májèlé ni fún ẹyẹ.) Tó bá yá, òun fúnra rẹ̀ á máa sún mọ́ etí kéèjì bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ. Ìgbà yẹn ni kí o tó mú ẹ̀pà gba àárín irin. Kó gbé ẹsẹ̀ lé ọ lọ́wọ́ ló kẹ́yìn, òun ni yóò sì pinnu ọjọ́ náà.

Kó tó bu èèyàn jẹ, ó máa ń kìlọ̀. Dúdú ojú rẹ̀ á máa fẹ̀, á máa sún kì, ìyẹ́ ọrùn á dìde, ó lè máa kùn. Bí o bá ti rí i, sún sẹ́yìn. Bó bá wá bù ọ́ jẹ, má lù ú, má wọ́n omi sí i lójú, má sì pariwo, torí ariwo rẹ lè máa dùn mọ́ ọn. Rọra kúrò níbẹ̀.

O ní kí n sọ iye ọ̀sẹ̀. Oṣù ni kí o máa kà, ó sì lè lé lọ́dún. Ẹyẹ tó lè lo ju 40 ọdún lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìtọ́jú ò ní kánjú nítorí tìrẹ.

Ní ti ọkùnrin Kútọnu, ní 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, fẹnu kò ní Johannesburg pé kí òwò odídẹrẹ́ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn dópin, torí pé wọ́n ń tán lọ. Láti 2017 ló ti múlẹ̀. Bó bá gbé ẹyẹ rẹ kọjá ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, ìwọ lo tà á fún un. Iye tí o ní kí n bá ọ dá lé e, wá ẹlòmíràn bi.