Ṣé dandan ni DTO nígbà tí mo ti ní class Member?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń fi Spring Boot, irinṣẹ́ Java, kọ áàpù fún ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa. Class Member ló ń mójú tó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ, fóònù, BVN, owó tó fi pamọ́, gbèsè tó jẹ. Ọ̀gá mi ní kí n tún kọ MemberDTO (DTO ni Data Transfer Object, class tó kàn ń gbé dátà láti ibì kan dé ibòmíràn), àmọ́ ohun kan náà ni mò ń kọ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni àǹfààní rẹ̀?

Ìdáhùn: Níbi tí dátà ti ń jáde lọ sọ́dọ̀ ará ìta, tàbí tó ti ń wọlé láti ọ̀dọ̀ wọn, ẹ lo DTO. Láàárín kóòdù yín fúnra yín, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n ṣe dá DTO sílẹ̀, kí ìpè kan lè kó ohun tí ìpè mẹ́wàá ìbá kó. Kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kankan láàárín service (ibi tí iṣẹ́ áàpù ti ń wáyé) àti repository (ibi tó ń bá database sọ̀rọ̀) yín.

Bí controller, class tó ń dá ará ìta lóhùn, bá dá Member padà bó ṣe wà, gbogbo ohun tó ní getter (method tó ń ka iye field) ni Jackson, láíbìrì tí Spring Boot ń lò, yóò sọ di JSON, ìyẹn ọ̀nà tí a ń gbà kọ dátà ránṣẹ́. BVN yóò balẹ̀ sórí fóònù ẹni tó kàn fẹ́ mọ orúkọ. Ẹ lè fi @JsonIgnore bò ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi field tuntun kún un lẹ́yìn yín gbọ́dọ̀ rántí ṣe bẹ́ẹ̀. DTO kì í gbé ohun tí ẹ kò kọ sínú rẹ̀ jáde.

Èyí tó ń wọlé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ bá ń gba JSON wọlé tààrà sínú Member, tí ẹ sì ń tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wá tún nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ṣe lè rọra fi "loanBalance": 0 kún un, kí gbèsè rẹ̀ sì pòórá. Irú ihò yìí ni ẹnìkan gbà wọ GitHub, ibi tí àwọn èèyàn ń tọ́jú kóòdù wọn sí, lóṣù Kẹta 2012: ó fi user_id ẹlòmíràn sínú fọ́ọ̀mù kọ́kọ́rọ́ SSH (kọ́kọ́rọ́ tí GitHub fi ń dá èèyàn mọ̀), ó sì rí àyè kọ kóòdù sínú iṣẹ́ Rails, irinṣẹ́ tí wọ́n fi kọ GitHub gan-an.

Ibi tí èmi àti ọ̀gá yín ti yàtọ̀ ni MemberDTO yẹn. Bí ẹ ṣe rí i pé ohun kan náà lẹ̀ ń kọ lẹ́ẹ̀mejì, àmì ni pé iṣẹ́ kan pàtó kò sí fún un. Ẹ kọ ChangePhoneRequest tó ní fóònù nìkan, àti MemberSummary tó ní orúkọ àti owó ìpamọ́. Láti Java 16, record, irú class kékeré tó ń gbé dátà, ti sọ irú èyí di ìlà kan péré. Òfin ẹgbẹ́, bíi pé ẹni tó jẹ gbèsè kò lè yá òmíràn, kó dúró sínú Member. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí àwọn endpoint (àdírẹ́sì tí ará ìta ń pè nínú áàpù) tó ń gba nǹkan wọlé.