Ẹ Bi Wá: Ṣọ́ọ̀bù Tó Ń Kun Mọ́tò àti Ìwé Àṣẹ Afẹ́fẹ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Amẹ́ríkà ni mo wà, mo sì fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń kun mọ́tò sílẹ̀. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ kan ni, ẹ̀rọ ìfọ́n-ọ̀dà kan ṣoṣo la ó máa lò. Ẹnì kan ní irú iṣẹ́ kékeré báyìí kò nílò ìwé àṣẹ afẹ́fẹ́ kankan. Agbaninímọ̀ràn kan ní irọ́ ni, pé irú ìwé tí iléeṣẹ́ ìfọpo ń gbà ni màá gbà. Ta ni kí n gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

ÌDÁHÙN: Arákùnrin mi, ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Iṣẹ́ ìwé àṣẹ yìí, tí ìjọba fi ń gba iléeṣẹ́ láyè láti tú oru àti èéfín sínú afẹ́fẹ́, ni mo ṣe jẹun tẹ́lẹ̀, ohun tó sì ń dùn mí jù níbẹ̀ ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ gidi kógbá sílé nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀nà tó rọrùn wà.

Agbaninímọ̀ràn yẹn rí ibi fẹ̀yìn tì ṣá o. Clean Air Act, òfin afẹ́fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 1990, ka iléeṣẹ́ sí ńlá bí ó bá lè tú tọ́ọ̀nù 100 ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́ síta lọ́dún, tàbí tọ́ọ̀nù 10 èròjà olóró kan, tàbí 25 bí a bá pa oríṣiríṣi èròjà olóró pọ̀. Kì í ṣe ohun tí ẹ tú síta gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ń kà. Ohun tí ẹ̀rọ yín lágbára láti tú síta tí ó bá ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru láìsinmi ni, wákàtí 8,760 lọ́dún.

Ká ní ẹ̀rọ yín ń fọ́n gálọ́ọ̀nù ọ̀dà kan ní wákàtí kan, tí pọ́ùn márùn-ún nínú rẹ̀ sì jẹ́ tíńà tó ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́. 8,760 lọ́nà márùn-ún jẹ́ pọ́ùn 43,800. Tọ́ọ̀nù 21.9 nìyẹn, torí pọ́ùn 2,000 ni tọ́ọ̀nù wọn. Bí ìdajì rẹ̀ bá jẹ́ toluene, tó jẹ́ èròjà olóró lójú òfin, ẹ ti kọjá tọ́ọ̀nù 10. Ẹ̀rọ kan, ọmọ iṣẹ́ kan, ẹ sì ti di iléeṣẹ́ ńlá lórí ìwé! Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá fi wákàtí 1,000 fọ́n ọ̀dà lọ́dún, tọ́ọ̀nù 2.5 péré ni gbogbo rẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ìwé àṣẹ kékeré ti wúlò. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Ohio àti Texas wà lára wọn, ti kọ ìlànà sílẹ̀ de àwọn iṣẹ́ tó wọ́pọ̀: kíkun mọ́tò, ilé epo, ilé ìtẹ̀wé, jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń tọ́jú de ìgbà tí iná bá lọ. Permit by rule ni wọ́n ń pè é. Ní 2015, EPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó àyíká, ṣe irú rẹ̀ fún ilẹ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, kíkun mọ́tò sì wà níbẹ̀. Ẹ ó gbà pé ẹ ò ní kọjá ìwọ̀n báyìí, ìjọba náà ò sì ní máa kà yín mọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Àkọsílẹ̀ ni ẹ ó fi jẹ́rìí pé ẹ ò yẹ àdéhùn. Ẹ so ìwé kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń po ọ̀dà. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá po ọ̀dà, kí ọmọ iṣẹ́ kọ ọjọ́, orúkọ ọ̀dà, iye ọ̀dà, iye tíńà, kó tó gbé ẹ̀rọ. Tí oṣù bá parí, ẹ ṣírò rẹ̀, kí ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ti oṣù 11 tó ṣáájú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ máa ń lé èèyàn. Ẹ má sọ pé ẹ ó kọ ọ́ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ìṣirò àbá nìyẹn, ayẹ̀wéwò á sì mọ̀.

Òfin ìjọba àpapọ̀ mìíràn tún wà tí ìwé kékeré kì í bò mọ́lẹ̀. Tí chromium, òjé, manganese, nickel tàbí cadmium bá wà nínú ọ̀dà yín, ẹ ní láti máa fọ́n ọn nínú yàrá tí asẹ́ rẹ̀ ń mú 98 nínú ọgọ́rùn-ún ìkùukùu ọ̀dà, kí ẹ̀rọ yín jẹ́ HVLP (èyí tó ń fi afẹ́fẹ́ púpọ̀ tí agbára rẹ̀ kò le fọ́n ọ̀dà) tàbí irú rẹ̀, kí ẹni tó ń fọ́n ọn sì gba ẹ̀kọ́, kó tún un gbà ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ẹ̀dọ̀fóró ọmọ iṣẹ́ yín ni, àti ti ẹni tó ń gbé lẹ́yìn ògiri.

Níbi tí ozone, gáàsì tó ń pa èèyàn lára tí oru ọ̀dà máa ń bá wọn dá sílẹ̀ nínú oòrùn, ti pọ̀, ààlà tọ́ọ̀nù 100 yẹn máa ń wálẹ̀ fún oru ọ̀dà. Ní agbègbè Los Angeles, ó já sí 10. Nítorí náà, ẹ wádìí ti ibi tí ẹ wà kí ẹ tó kọ́ yàrá ìfọ́n-ọ̀dà tàbí kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọlé, torí ìwé àṣẹ ló ń ṣáájú ilé kíkọ́. Òfin yẹn kan náà pàṣẹ pé kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ka tó ń ran oníṣẹ́ kékeré lọ́wọ́. Àwọn ni kí ẹ pè kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún agbaninímọ̀ràn kankan. Kí safety data sheet, ìwé tó ń sọ èròjà tó wà nínú ọ̀dà, ti gbogbo ọ̀dà tí ẹ fẹ́ lò wà lọ́wọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń pè, torí òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.