Ìwé ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́ àti Secret clearance: ohun tí ojú mi rí

Àbúrò mi, o ní wọ́n fún ẹ ní ìwé ìkìlọ̀ níbi iṣẹ́ àtijọ́ torí ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ tó o sọ sí obìnrin, o kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lé ẹ, iṣẹ́ kan tó ń béèrè Secret clearance, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni láti rí ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀, ti wá yọjú, ṣé kó o dákẹ́ ni? Má dán an wò. Èmi dán an wò.

Maryland ní Amẹ́ríkà níbí ni. Obìnrin kan tá a jọ wà ní ẹ̀ka kan náà ni mo ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dà láàmú. Ó ní kí n jáwọ́. Mo ní ó ń ṣe yàngà ni, mo tún fi òmíràn ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pè mí, wọ́n ti tẹ gbogbo ẹ̀ sórí ìwé, wọ́n tò ó sórí tábìlì. Èyí tó sún mọ́ mi jù, 11:40 alẹ́ ló wà lórí ẹ̀. Èmi, ọkùnrin tó níyàwó nílé! Wọ́n fún mi níwèé ìkìlọ̀, nígbà tó yá, wọ́n ní kí n rọra máa lọ kí wọ́n má bàa lé mi.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, SF-86, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè clearance, dé. Ní apá 13A tó dá lórí iṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá láàárín ọdún 7 wọ́n ti lé mi níbi iṣẹ́, tàbí mo kúrò lẹ́yìn tí wọ́n ní àwọn máa lé mi, tàbí mo gbàwé ìkìlọ̀ torí ìwàkiwà. Mo tẹ “No”. Mo kọ ọ́ pé torí owó ni mo ṣe kúrò. Ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ní ta ló fẹ́ mọ̀. Àwọn olùwádìí ìjọba kúkú ń bá ọ̀gá àtijọ́ àtàwọn tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́ sọ̀rọ̀. Olùwádìí bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo ní rárá. Ló bá ṣí fáìlì. Ara mi bù máṣọ.

Nígbà tí Statement of Reasons, ìwé tó ń sọ ìdí tí wọn ò fi fẹ́ fún mi ní clearance, dé, Guideline D, tó jẹ́ ti ìwà ìbálòpọ̀, kò ju ìpínrọ̀ kan lọ. Guideline E, tó jẹ́ ti ìwà ẹni àti òótọ́ sísọ, ló gba ìyókù, irọ́ tí mo pa ló kún ibẹ̀. Inú SEAD 4, ìlànà tí ìjọba fi ń pinnu ẹni tó yẹ kó gba clearance, ni méjèèjì wà, òun ni wọ́n ń lò láti oṣù kẹfà ọdún 2017. Ọ̀rọ̀ D lè fúyẹ́ tó bá ti pẹ́, tí o ò tún un ṣe, tí kò sẹ́ni tó lè fi halẹ̀ mọ́ ẹ. Irọ́ sí ìjọba àpapọ̀ lè sọni sẹ́wọ̀n ọdún 5.

Ogún ọjọ́ ni mo ní láti fèsì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin náà ló sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Lọ́yà mi fi bíró pupa fa ìlà gba orí ẹ̀ kọjá, ó ní, “Ta ló fi ránṣẹ́?” Mi ò rí clearance yẹn gbà. Ọdún kan gbáko kí n tó lè tún béèrè, iṣẹ́ náà sì lọ.

Tẹ “Yes”, kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn mẹ́rin-márùn-ún, má bú ẹnikẹ́ni. Tó o bá ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, pe FSO yín, ìyẹn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ààbò àti clearance ní ilé iṣẹ́ yín, kí olùwádìí tó bi ẹ́. Àtúnṣe tó bá ṣáájú ìbéèrè ni wọ́n ń kà sí rere fúnni. Kó o sì lọ gba ẹ̀dà ìwé ìkìlọ̀ yẹn lọ́wọ́ HR, kí ohun tó o bá kọ má bàa yàtọ̀ sí tiwọn.