Ohun tí mo rí nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nípa ẹgbẹ́ alátakò

Àbúrò, o ní ẹgbẹ́ alátakò tí o wà nínú rẹ̀ ń tì ọ́ lójú. O ní bí ìjọba bá ṣe ohun tó dun gbogbo ìlú, àwọn olórí yín á jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á wá gbé ìwé pélébé kan jáde pé àwọn "ń rọ ìjọba kí wọ́n ṣàánú mẹ̀kúnnù". O wá ń béèrè bóyá ẹ̀rù ló ń bà wọ́n ni àbí wọn ò gbọ́n, àti bóyá kí o kúkú fi wọ́n sílẹ̀.

Mo ṣe akọ̀wé wọ́ọ̀dù fún ẹgbẹ́ alátakò ní Ìbàdàn níbí fún ọdún méje. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, ní Mọ́kọ́lá, èmi ni mo sì ń tẹ ìwé tí wọ́n fi ń bínú. Èmi náà ni mo ń tẹ èyí tí wọ́n fi ń kí ara wọn kú ọjọ́ ìbí. Kì í ṣe ẹ̀rù. Wọn ò sì gọ̀. Nǹkan wọn ló wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní àwọn ń ta kò. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ mi, nítorí mo fura pé tìrẹ náà ò yàtọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi.

Ìyàwó mi ń ta èlùbọ́ ní ọjà kan nígboro. Ní ọdún kan, tíkẹ́ẹ̀tì ojoojúmọ́ tí káńsù ń já fún wọn fò láti 100 náírà sí 300. Wọ́n ráhùn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ kan ló tú owó ọjà sórí bẹ́ẹ̀dì láti kà á, mo bá mú àwọn tíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín owó, mo ń wò wọ́n. Ojú atẹ̀wé ni mo fi wò ó. Bí ẹ̀rọ bá lu nọ́ńbà sára bébà, tí o bá fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn rẹ̀, wàá mọ̀ ọ́n lára, á yọ sókè díẹ̀ bí èélá. Àwọn kan yọ. Àwọn kan tẹ́ pẹrẹsẹ, torí pé ńṣe ni wọ́n tẹ nọ́ńbà pọ̀ mọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tò wọ́n sílẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló ní nọ́ńbà kan náà, ọjọ́ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé oríṣi méjì ló wà lọ́jà nígbà náà, ọ̀kan ń lọ sápò káńsù, èkejì ń lọ sápò ẹnì kan.

Mo ní kí ìyàwó mi bá mi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, páálí Indomie kan ti kún.

Mo kọ ìwé ojú ewé mẹ́ta, mo gbé e lọ sípàdé. Alága wa kà á tán, ó ní, "Akọ̀wé, o mà ṣiṣẹ́ o." Ló bá mú báírò. Ó kọ́kọ́ fagi lé "olè". Mo gbà, a ò tíì mú ẹnikẹ́ni. Ó fagi lé "a bẹnu àtẹ́ lù", ó kọ "ọkàn wa kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sí". Lọ́jọ́ kejì ó pè mí lórí fóònù pé kí n yọ àwọn nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kẹta, kí n yọ orúkọ ọjà. Nígbà tí ìwé yẹn máa fi jáde, ìlà mẹ́rin ló kù, ìlà àkọ́kọ́ sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ alága káńsù fún iṣẹ́ takuntakun tó ṣe lórí gọ́tà. Ṣé o mọ̀ pé "bá mi na ọmọ mi" kì í dénú ọlọ́mọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Bánà méjìlá, pósítà 500, àwọn olórí ẹgbẹ́ wa ló fẹ́ fi kí alága káńsù yẹn kan náà kú oríire àádọ́ta ọdún lókè eèpẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Owó WAEC ọmọ mi ló wà níwájú mi, mo tẹ̀ ẹ́, mo tiẹ̀ tún bá wọn fi àwọ̀ wúrà yí lẹ́tà orúkọ rẹ̀ ká. Mo ń sọ ọ́ kí o má baà rò pé ẹni mímọ́ ló ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà nínú àwọn tuntun tí káńsù kọ́ wà lórúkọ àbúrò alága wa. Ẹnu tó ti jẹ dòdò, báwo ló ṣe máa sọ òdodo?

Ní ti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ náà tún ní ìdí mìíràn. Ní 25 oṣù kejì ọdún 2023, APC ló ní ìbò ààrẹ tó pọ̀ jù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àwọn náà ló mú ìjókòó sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn ẹ̀, àwa kan náà jáde, a dìbò fún PDP ní ti gómìnà. Ẹni tó jẹ́ alátakò l'Abuja ló wá jẹ́ ìjọba ní Agodi, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ẹni tó jẹ́ alátakò ní Agodi ni ìjọba l'Abuja. Bí ọ̀kan bá fẹ́ pariwo pé epo bẹntiróòlù wọ́n, èkejì á bi í léèrè owó káńsù. Ni wọ́n bá ń wo ara wọn bí orogún méjì tí kálukú wọn mọ ibi tí èkejì ń kó ẹran pamọ́ sí.

Ní ti Abuja, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé púpọ̀. Oṣù kẹta ọdún 2025, ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Rivers, ó ní kí gómìnà àti àwọn aṣòfin lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Abala 305 nínú òfin ilẹ̀ wa ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọ ilé aṣòfin àpapọ̀ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ariwo "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni wọ́n fi parí ẹ̀. Àwọn alátakò díẹ̀ sọ̀rọ̀, mo gbà. Àwọn tó kù ńkọ́? Ká dìde ká ní "ẹ jẹ́ ká ka orí", èló ló ń náni? Nígbà tó di oṣù tó tẹ̀lé e, gómìnà Delta kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní PDP lọ sí APC, Okowa tó bá Atiku du ipò igbákejì ààrẹ ní 2023 sì bá a lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣí lọ sílé onílé lọ́la, ṣé ó máa sọ òkò sí òrùlé ibẹ̀ lónìí?

Bàbá mi, ọmọ Kúdẹtì, kò gbà pé ẹgbẹ́ alátakò kankan tún wà lẹ́yìn Adégòkè Adélabú, olóṣèlú Ìbàdàn ayé àwọn Òyìnbó amúnisìn. A máa ń jiyàn lé e lórí, torí ọkùnrin yẹn kì í ṣe áńgẹ́lì. Wọ́n ṣèwádìí káńsù Ìbàdàn tó jẹ́ alága fún, ó sì fi ipò yẹn àti ipò mínísítà sílẹ̀ ní 1956. Ọdún yẹn náà ló padà wọlé ìbò, ó di olórí alátakò nílé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, kò sì sinmi títí mọ́tò fi pa á ní oṣù kẹta ọdún 1958. Bàbá mi á máa sọ ti Òyìnbó gbẹgẹdẹ tó ń sọ, bí i "peculiar mess" tó di "pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì" lẹ́nu wa. Lójú tèmi, Òyìnbó kọ́ ló gbé e dúró. Owó orí ni. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn tó ń sanwó orí ló bá lẹ̀dí àpò pọ̀ tí wọ́n fi di ẹgbẹ́ òṣèlú Mábọlájẹ́ ní 1954. Ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀. Alága wa ò mọ iye tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo sọ fún un.

Kí la wá ṣe sí páálí wa? Ìyàwó mi àti àwọn obìnrin mẹ́sàn-án gbé e lọ sí káńsù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọn ò dúró de ẹgbẹ́. Wọn ò gbé pátákó, wọn ò kọrin. Wọ́n kàn ní káwọn rí akápò. Nígbà tí akápò jókòó, ìyá tó dàgbà jù nínú wọn ní kó fi àtàǹpàkò ra ẹ̀yìn èyí, kó tún ra ẹ̀yìn ìyẹn. Ìyàwó mi ní ọkùnrin náà ra á lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ awò ojú, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn fún oṣù mẹ́rin. Ó tún padà dé ṣá, ó ti kúrò ní pupa, ó ti di yẹ́lò, 200 náírà. N ò ní purọ́ fún ọ pé a borí. Ní tèmi, iṣẹ́ ẹgbẹ́ wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mi fún ọdún kan gbáko.

Àmọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 18 oṣù kẹta ọdún 2023, ọjọ́ ìbò gómìnà àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibùdó ìdìbò ní wọ́ọ̀dù wa, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí EC8A, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ èsì ibùdó sí, kí wọ́n tó ka ìbò tán, wọ́n gba owó oúnjẹ, wọ́n lọ sílé. Ní ibùdó tiwa, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin mẹ́sàn-án yẹn ni aṣojú. Iye ìbò tí wọ́n kọ ní nọ́ńbà àti èyí tí wọ́n kọ ní ọ̀rọ̀ ò bára mu. Ó ní òun ò fọwọ́ sí i. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ pẹ̀lú gààrí nínú ife títí wọ́n fi tún un kọ. Ẹni tó ti bá akápò káńsù wo ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì, ta ló kù tó fẹ́ dẹ́rù bà á? Ibùdó tiwa nìkan ni ẹ̀dà èsì tó ṣe é gbé lọ síwájú adájọ́ ti wá. Òfin fún wa ní ọjọ́ 21 láti pẹjọ́. Àwọn olórí ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ ti kọjá ni wọ́n kéde orúkọ ọ̀kan nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba kan.

Nítorí náà, má tíì kúrò. Bí o bá lọ sí ẹgbẹ́ kejì, irú wọn lo máa bá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n má tún dúró de ìwé wọn mọ́. Wá ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ àdúgbò yín lára, ẹyọ kan, kí o mọ̀ ọ́n ju káńsù lọ. Òfin tó fún aráàlú láyè láti béèrè ìwé ìjọba ti wà láti 2011, ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé kò kan ìpínlẹ̀, àmọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó kàn wọ́n. Kọ lẹ́tà, mú ẹ̀dà méjì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí tìrẹ kó o tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó gba lẹ́tà á sọ pé ọ̀gá ò sí. Jókòó dè é.

Kó o sì kó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àdúgbò yín wá sí Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Má ká wọn, má jẹ́ kí omi kàn wọ́n. Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn wọn.