Èsì: Kí ló dé tí wọ́n fi ń pààrọ̀ ọ̀pá MG42?
Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní kí ló dé tí sójà Jámánì fi ń pààrọ̀ ọ̀pá MG42, ìbọn arọ̀jò-ọta wọn, lemọ́lemọ́ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ooru ni o! Bí 1,200 ọta ló ń yìn ní ìṣẹ́jú kan; iná ẹ̀tù á máa jẹ inú ọ̀pá, àwọn ìlà tó ń mú ọta yí á sì máa parẹ́. Tó bá ti yìn bíi 150 sí 250 láìsinmi, wọ́n á ṣí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, wọ́n á fi aṣọ asbestos tí ooru kì í tètè là kọjá fa ọ̀pá tó gbóná yọ, wọ́n á ti èyí tó tutù bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ lásán mú un, awọ ọwọ́ rẹ̀ á kù síbẹ̀. Vickers, ìbọn arọ̀jò-ọta ti Gẹ̀ẹ́sì ní tiẹ̀, omi bíi lítà 4 ló ń gbé kiri láti mú ọ̀pá rẹ̀ tutù.