Àjò ò dùn kónílé má rèlé: ṣé iléèwé náà lè di ilé?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o. Yunifásítì ìjọ Onítẹ̀bọmi kan lọkọ mi ti jáde, wọ́n wá ní kí gbogbo àwọn tó ti jáde máa bọ̀ wá fún ọ̀sẹ̀ homecoming, kí wọ́n mú ìyàwó àtọmọ dání. Inú ọkọ mi ń dùn bí nǹkan míì, ó ti ránṣọ fáwọn ọmọ. Màmá wa, ìyá ọkọ mi (Òwu níbí, l'Abẹ́òkúta, la jọ ń gbé), wá ní "àjò ò dùn kónílé má rèlé, àjò ni iléèwé jàre, ṣé ẹ fẹ́ sọ àjò di ilé ni?" Kí lòwe yẹn ń sọ gan-an, ṣé Màmá jàre?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o, ìyàwó wa. Ẹ má bá Màmá jiyàn, òwe tí wọ́n pa ò ṣì, ibi tí wọ́n fi sọ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ìgbà tá a máa ń pa òwe yẹn pọ̀. Àlejò tó ti jẹun tán, tó ń wá bó ṣe máa dìde kó má dà bí ìwọ̀sí, òun ló máa fi bẹnu, á ní ẹ jọ̀ọ́, àjò ò dùn kónílé má rèlé, mo ti ń lọ. Ọmọ tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó, ìyá ẹ̀ á pa á fún un lórí fóònù. Kódà níbi òkú àgbà wọ́n máa ń pa á, torí àwa gbà pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ wá wò ó dáadáa o, òwe yẹn ò sọ pé àjò ò dùn. Ó ti gbà pé ó dùn! Ohun tó ń sọ ni pé bó ti wù kó dùn tó, ẹni tó bá nílé á padà, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń retí ẹ̀. Onílé inú òwe yẹn kì í ṣe ẹni tó kọ́lé mẹ́ta sí GRA Ìbarà, ẹni tí wọ́n ń retí ni.

Àwa ará Abẹ́òkúta ló yẹ kí èyí tètè yé jù. Láyé àwọn bàbá wa, èèyàn á wà lábúlé oko fún oṣù gbọọrọ, á dáko, á bímọ síbẹ̀, irun á funfun síbẹ̀, síbẹ̀ tí ẹ bá bi í pé níbo nilé ẹ̀, Aké ló máa sọ, tàbí Ìtòkò, tàbí Òwu, kò jẹ́ dárúkọ abúlé yẹn. Tí ọdún bá dé, tí ìnáwó bá ṣẹlẹ̀, tí àgbà bá kú, gbogbo wọn á rọ́ wọ ìlú. Iléyá tàwọn Mùsùlùmí pàápàá, ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé "ilé yá" ló wà nínú orúkọ yẹn, pé ó ti yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Nítorí náà iye ọdún téèyàn lò níbì kan kọ́ ló ń sọ ibẹ̀ di ilé. Dé ibí yìí, èmi àti Màmá jọ wà lójú kan náà.

Ṣùgbọ́n "ṣé ẹ fẹ́ sọ àjò di ilé" tí wọ́n sọ yẹn, bíi pé èèwọ̀ ni, ìlú wo gan-an ni wọ́n ti ń sọ ọ́? Abẹ́òkúta yìí náà, àjò ló di ilé. Ní 1830 làwọn Ẹ̀gbá sá wá sábẹ́ Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ló ṣáájú wọn, ogun ti tú ìlú wọn nínú igbó Ẹ̀gbá ká, wọ́n wá gbé orúkọ ìlú àtijọ́ wọn dání, àwọn ará Aké pe tiwọn ní Aké, kálukú pe tiẹ̀ bó ṣe ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn Òwu tiẹ̀ tún dé lẹ́yìn wọn ni, ní nǹkan bí 1834, lẹ́yìn tí ogun ti pa ìlú tiwọn náà run. Ẹ lọ sọ fún ọmọ Òwu lónìí pé àjò ló wà, ẹ máa gbọ́ tiyín lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún wo Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn, ọkọ̀ ẹrú, Sàró, ìwé, iṣẹ́ àlùfáà, gbogbo ẹ̀ ti kọjá lórí ẹ̀ kó tó padà sílẹ̀ Yorùbá, August 1846 ló tó fojú kan ìyá ẹ̀, Àfàlá, ọdún 25 gbáko lẹ́yìn tí wọ́n ti pínyà. Abẹ́òkúta níbí ni wọ́n ti ríra. Ogun ti jó Ọ̀ṣogùn, Àjàyí ò sì gbé Abẹ́òkúta rí láyé ẹ̀ kó tó di ọdún yẹn, kò ní yàrá kankan níbẹ̀ tó lè sọ pé níbí ni mo ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ní ká tọ́ka sí ọjọ́ tí Àjàyí wálé, ṣé ọjọ́ míì wà tá a máa tọ́ka sí ni? Ibi tí ìyá wà nilé wà. Èmi ò rí ẹni tó máa jiyàn ìyẹn.

Ó yá, homecoming. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nirú èyí tí iléèwé ń ṣe ti wá. Baylor, yunifásítì àwọn Onítẹ̀bọmi ní Waco, ní Texas, ṣe tiwọn ní November 1909, wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ti jáde pé ẹ máa bọ̀ nílé, wọ́n tò yí ìlú ká, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù (bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń gbé sọ́wọ́ sá yẹn o), àwọn tó jọ jáde lọ́dún kan náà sì kóra jọ. Yunifásítì Missouri náà ṣe tiẹ̀ ní 1911, wọ́n ṣì ń bára wọn fà á pé ta ló kọ́kọ́ ṣe é, ẹjọ́ wọn nìyẹn. Tiwa ni pé kò ṣàjèjì sí wa rárá, ẹ wo régbérégbé àwọn Ìjẹ̀bú ní Ojúde Ọba, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tiwọn, tí wọ́n ń wá kí ọba, kí ló tún kù? Ohun tí ọkọ yín á máa pè ní "set", àwọn tí wọ́n jọ jáde, gan-an nìyẹn.

Ti iléèwé ìjọ ló tún wá dáa jù lójú tèmi. Téèyàn bá padà sí iléèwé lásán, olùkọ́ ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ti kun ilé lọ́dà míì, ó lè dà bí ẹni pé kò gbébẹ̀ rí. Níbi tí ìsìn bá wà, orin tí ọkọ yín kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn nígbà yẹn náà ni wọ́n ṣì máa kọ, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ á sì bá wọn kọ ọ́. Àwọn Onítẹ̀bọmi yìí pàápàá kì í ṣe àlejò Màmá. Thomas Jefferson Bowen, míṣọ́nnárì wọn, ará Georgia l'Amẹ́ríkà, dé síbí ní 1850, Abẹ́òkúta ló kọ́kọ́ dúró sí, ó wà ńbẹ̀ nígbà tí Dàhòmì wá jagun ní March 1851, ó tún kọ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1858. Orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ yunifásítì wọn n'Ìwó. Baptist Boys' High School wa náà ti wà láti 1923, ibẹ̀ ni Ọbásanjọ́ àti Abíọ́lá ti jáde, ibẹ̀ náà ni Adájọ́ Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ ọba Òwu, ti kàwé kó tó wá dá Crescent University, yunifásítì àwọn Mùsùlùmí, sílẹ̀ l'Abẹ́òkúta yìí kan náà ní 2005. Iléèwé Onítẹ̀bọmi bí ẹni tó dá yunifásítì Mùsùlùmí sílẹ̀, àfi l'Abẹ́òkúta!

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbádùn ẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ má jókòó sábẹ́ kánópì látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ ní kí bàbá àwọn ọmọ mú wọn lọ wo họ́sítẹ́ẹ̀lì tó sùn sí àti ibi tó ti ń tò fún oúnjẹ, kó wá olùkọ́ ẹ̀ àtijọ́ kàn kó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lójú àwọn ọmọ, torí ọmọ tí ò rí bàbá ẹ̀ kí ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí lè rò pé bàbá òun ni òpin ayé. Àwọn ìyá tó ń dáná àti bàbá géètì, tí wọ́n bá ṣì wà, ẹ má gbàgbé nǹkan kékeré fún wọn. Ẹ bèèrè òfin ìmúra kẹ́ ẹ tó rán aṣọ tiyín, iléèwé ìjọ míì ò gbà kí apá wà níta. Tí "set" wọn bá fẹ́ wọ aṣọ kan náà, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ bá wọn ra àdìrẹ n'Ítòkú. Àwọn kan á gbé mọ́tò ńlá wá, á jẹ́ ṣe-ká-rí-mi lásán, ẹ má dá wọn lóhùn. Kí ọkọ yín náà má sì máa bá ọ̀rẹ́ rojọ́ títí kẹ́yin wá di olùṣọ́ báàgì o, ẹ tètè bá a sọ ọ́ látilé.

Ní ti Màmá, ẹ kúnlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá wọn lóhùn, tí ẹ bá fẹ́ fi òwe fèsì, ẹ ṣe "tótó, ó ṣe bí òwe o, Màmá", wọ́n á ní ẹ ó rí òmíì pa, ọ̀rọ̀ á ti rọ̀. Tí kì í bá ṣe Òwu ni wọ́n bí Màmá fúnra wọn sí, wọ́n ti sọ ilé onílé di ilé tiwọn tipẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yin má sọ ìyẹn o, èmi ni mo sọ ọ́. Ohun tó dáa jù ni kẹ́ ẹ pè wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ, àwọn ló ń sanwó iléèwé nígbà yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò rí inú ẹ̀ rí. Iwájú mọ́tò ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí, kẹ́ ẹ sì ro láfún díẹ̀ dání, torí màmá wa ò ní jẹ ráìsì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́.